Pákó Tí Mọ́mì Ń Gbé Ìgúnpá Lé

Òórùn ẹja gbígbẹ ló máa ń kọ́kọ́ wọ pálọ̀ mi láàárọ̀, kí ariwo tó tẹ̀lé e wọlé. Àjà kìíní ni mò ń gbé, ní òpópónà kékeré kan tó já sí Rye Lane ní Peckham, ìwọ náà sì mọ̀ pé àwọn ẹlẹ́ja ibẹ̀ kì í pẹ́ jí. Tí ti ẹja bá ti kọjá, òórùn búrẹ́dì gbígbóná á dé, lẹ́yìn náà èéfín bọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, òórùn kan ṣoṣo ló gba ilé lọ́wọ́ gbogbo wọn, òórùn eruku bíríkì, irú èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun tí tíì gbígbóná kò lè ṣí i kúrò. Àwọn tó ni ilé wa ti rán òṣìṣẹ́ wá pààrọ̀ fèrèsé gbogbo ilé náà. Wọ́n yọ ti àtijọ́ tí afẹ́fẹ́ òtútù máa ń gba ihò rẹ̀ súfèé, wọ́n sì fi tuntun síbẹ̀, funfun báláú, onígíláàsì méjì, tí o bá tì í, ariwo ìta á dákẹ́ rọ́rọ́. Mi ò ṣe aláìmoore, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ ti àtijọ́, wọ́n yọ pákó fífẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ nínú pálọ̀ dànù, wọ́n ní ó ti jẹrà. Ohun tó kù níbẹ̀ ni bíríkì ìhòòhò àti símẹ́ńtì tó ṣù jọ ṣákaṣàka. Mo bi olórí wọn pé pákó ńkọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní iṣẹ́ àwọn parí síbi tí fèrèsé parí sí, tinú ilé di ti ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Tó bá ṣe pé èmi nìkan ni, ṣé pákó ló máa dà mí láàmú? Télọ̀ ni mí, mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Rye Lane, kò sì sí ohun tó burẹ́wà tí n kò lè fi aṣọ bò. Ṣùgbọ́n abẹ́ fèrèsé yẹn, àga Mọ́mì ló wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú ní Ìwó, tí a sì mú Mọ́mì wá sọ́dọ̀ mi, ibẹ̀ ni gbogbo London wọn. Orúnkún wọn kò gba àtẹ̀gùn mọ́, èdè òyìnbó wọn kò sì ju “thank you” àti “sorry” lọ. Tí wọ́n bá ti kírun Àsùbáà tán, tí wọ́n mu tíì wọn, wọ́n á sún àga mọ́ fèrèsé, wọ́n á gbé ìgúnpá méjèèjì lé orí pákó, wọ́n á tú gbogbo ara lé e, wọ́n á wá yọ orí síta. Mọ́mì kì í ṣe èèyàn tín-ín-rín o, ara tó ń tẹ pákó yẹn lójoojúmọ́ pọ̀ díẹ̀. Òyìnbó ń gbé òdòdó sórí pákó abẹ́ fèrèsé, ìyá ni àwa ń gbé síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá ìyá mi ṣe ń ṣe ní Ìwó, tí wọ́n á fara ti ojú fèrèsé láti àárọ̀ títí oòrùn á fi lé wọn wọlé.

Iṣẹ́ tí Mọ́mì ń ṣe níbẹ̀ ni ìkíni, wọn kì í sì í fi ṣeré. Ẹni tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á ní, “Ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire o!” Ẹni tó gbé àpò iṣu, “Ẹ kú ẹrù o!” Aláboyún tó ń wọ́ ẹsẹ̀ kọjá, wọ́n á ní a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Àwọn ọkùnrin tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀ máa ń dúró gba àdúrà lábẹ́ fèrèsé wa, àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè náà á sì dúró gba tiwọn. Òyìnbó obìnrin kan tó máa ń fa ajá rẹ̀ kọjá ti kọ́ “ẹ káàárọ̀”, ajá náà fúnra rẹ̀ ti mọ ibi tí wọ́n ti ń dúró. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, Mọ́mì kò sì jẹ́ kí orí ọmọ kankan wọ́ ní òpópónà wa. Mo ti rí ìyá ọmọ kan, ará Ghana, tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan, tó ń tún ọmọ pọ̀n nítorí pé ìyá àgbà kan ń juwọ́ sí i láti òkè. Ó tún un pọ̀n tán, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí Mọ́mì, ó lọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n yọ pákó, Mọ́mì gbìyànjú. Mo gbé ìrọ̀rí lé bíríkì, ó ń yọ̀ bọ́. Mo ká bùláńkẹ́ẹ̀tì lé e, eruku gba inú rẹ̀ jáde sí wọn lára. Kò pẹ́ tí mo fi rí i tí awọ ìgúnpá wọn bó, tó pupa. Wọ́n wọ́ àga kúrò níbẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wọn, wọ́n jókòó, wọ́n kọjú sí ògiri bí ẹni tí wọ́n ń bá wí. Tí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù dé, tẹlifíṣọ̀n á máa sọ̀rọ̀, Mọ́mì ò sì ní máa gbọ́. Lójú ọ̀nà, àwọn èèyàn ń dá mi dúró, “Aunty, Mummy ńkọ́? A ò gbóhùn wọn. Ṣé wọ́n strong?” Èmi á ní wọ́n strong dáadáa. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹni tó ti ń kí gbogbo ayé láti ìgbà tí ó ti gbọ́njú, tí kò wá rí ẹnì kan kí mọ́, báwo ni ara rẹ̀ ṣe máa le? Nígbà tó yá, bí a ṣe ń jẹun, wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ilé yìí ti di àpótí mọ́ mi lórí. Bá mi wá ibòmíràn.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dé etí àbúrò mi ọkùnrin. Òun nìkan ni ọkùnrin tí Mọ́mì bí, ó ní ilé ńlá ní Forest Hill, ó ní ọgbà lẹ́yìn ilé. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń ṣe, wọ́n á jáde láàárọ̀, wọn ò ní wọlé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó pè mí lórí fóònù. “Sister mi, ẹ jẹ́ ká be realistic. Mummy ò lè máa gbé inú dust. Mo ti tún room wọn ṣe. This Saturday, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, mo máa wá fi car gbé wọn.”

Mo ní, “Ta ni wọ́n á máa kí ní Forest Hill?”

“Kí wọ́n kí ta ni? Garden wà níbẹ̀ now.”

Mi ò bá a jà. Ọmọ dáadáa ni, ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀, bí wọ́n ṣe tọ́ wa náà ló sì ń sọ: ilé ọmọkùnrin ni ìyá ń sinmi sí. Mọ́mì alára mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ sínú báàgì. Ṣùgbọ́n mo ti wọ ilé yẹn, mo sì ti wo ojú fèrèsé yàrá tí ó ń sọ. Ẹ̀yìn ilé ló kọjú sí. Koríko ni Mọ́mì á máa wò, ẹyẹ á sì máa wò wọ́n padà. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo ti rí àwọn ìyá tí a mú wá sí ìlú yìí, tí wọ́n dákẹ́, tí ìdákẹ́ náà sì wọ̀ wọ́n lára títí wọn ò fi mọ ọ̀rọ̀ í sọ mọ́. Mi ò fẹ́ kí ti Mọ́mì rí bẹ́ẹ̀. Tí pákó bá fi lè wà lábẹ́ fèrèsé yẹn kí Sátidé tó dé, Mọ́mì ò ní kúrò. Tí kò bá sí níbẹ̀, mi ò ní ẹnu tí mo lè fi dá wọn dúró.

Kí o má baà rò pé ńṣe ni mo kàn sáré gbé ayùn, mo kọ́kọ́ wá káfíńtà. Àbúrò mi rán ọ̀kan wá. Ó wọlé, ó wò ó láìbọ́ jákẹ́ẹ̀tì, ó ní, “Aunty, small work leléyìí. I will come.” Ìgbà ìkẹyìn tí a fojú kàn án nìyẹn. Òmíràn tí mo mọ̀ sọ pé òun wà níbi ilé gíga kan tí wọ́n ń kọ́ ní Elephant and Castle, òun ò ráyè gbọ́ ti pákó kan ṣoṣo. Inú bí mi. Èmi tí inú bá sì ti bí, mo gbọ́dọ̀ wá nǹkan gé. Mo dúró níwájú fèrèsé, mo wo àyè yẹn lókè, mo wò ó nílẹ̀, mo sọ fún ara mi pé ohun tó bá ti ní ara, mo lè wọ̀n ọ́n, ohun tí mo bá sì lè wọ̀n, mo lè gé nǹkan tó máa bá a mu. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ọjọ́rú nìyẹn.

Káfíńtà á fi rúlà irin wọn ìbú, á wọn gígùn, á kọ nọ́ńbà sára ògiri. Èmi ò mọ bẹ́ẹ̀. Mo mú bébà gbàǹgbà tí mo fi ń gé àwòṣe aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ́ ẹ sórí bíríkì, mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọ gbogbo igun, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbi tí ó ti bá ògiri pàdé. Nígbà tí mo tẹ́ bébà náà sílẹ̀, ẹ̀rín pa mí. Ògiri apá òsì tọ́, ti apá ọ̀tún dagun síta bí ẹni tó fẹ́ sá lọ. Ilé àtijọ́ ni, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó dà bí èjìká ọkùnrin tó ti fi ẹ̀gbẹ́ kan ru ẹrù láti kékeré. Mo ní irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ dáadáa, mo sì mọ bí a ṣe ń gé aṣọ fún wọn tí ẹnikẹ́ni ò fi ní fura. Tí n bá wọn ilé yìí bí ẹni wọn àpótí, àlàfo á wà ní ẹ̀gbẹ́ kan títí ayé. Mo fi àlùmọ́gàjí mi ńlá gé bébà náà, mo ká a, mo fi rọ́bà dè é. Mọ́mì ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà yàrá wọn.

“Ta lo fẹ́ rán aṣọ fún níbẹ̀ yẹn?”

Mo ní, “Fèrèsé ni, Mọ́mì.”

Wọ́n mi orí, wọ́n padà sídìí báàgì wọn.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo tètè ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ síbi tí wọ́n ti ń ta pákó. Àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ń wo ẹ̀yìn mi bóyá ọkọ mi ń bọ̀. Mo fọwọ́ kan oríṣiríṣi pákó bí mo ṣe ń fọwọ́ kan léèsì: mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, mo wo bí iṣan rẹ̀ ṣe rìn, mo gbọ́ òórùn rẹ̀. Èyí tí mo mú nípọn, ó wúwo, ó ní àwọ̀ oyin, igi óòkù ni wọ́n pè é. Ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ gé pákó bi mí pé nọ́ńbà rẹ̀ dà. Mo tú bébà mi sórí tábìlì rẹ̀. Ó wo bébà, ó wo mí, ó ní òun ò rí irú èyí rí. Ṣùgbọ́n ó gé e bí bébà ṣe rí gẹ́lẹ́, kò dín, kò lé, ó tún fi ọwọ́ nu eruku ara rẹ̀ kí ó tó gbé e fún mi.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì wo pákó náà, ó mi orí, ó tìlẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn. Nígbà tí mo dé Rye Lane, ó di ìran. Pákó wà léjìká mi, ó yọ níwájú, ó yọ lẹ́yìn, gbogbo èèyàn ń tẹrí ba fún un bí ẹni pé ọba ló ń kọjá. Obìnrin kan tó ń ta iṣu, tó mọ̀ mí dáadáa, pariwo láti ìdí ọjà rẹ̀, “Aunty télọ̀! Ṣé ẹ ti ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀ ni?”

Mo ní, “Fèrèsé mi ni mo fẹ́ ránṣọ fún!”

“Ẹ bá mi bi í o, ṣé búbù ló fẹ́ ni àbí body-fit?”

Ẹ̀rín sọ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, èmi náà rẹ́rìn-ín títí pákó fi fẹ́ já bọ́. Èjìká ń ro mí, síbẹ̀ inú mi dùn, torí mo ti ń fojú inú wo Mọ́mì lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí mo ti ṣọ́ọ̀bù dé, tí oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run, mo gbé pákó náà lọ síbi fèrèsé. Kò wọlé. Mo yí i, kò wọlé. Mo kọ́kọ́ rò pé ọkùnrin yẹn ló gé e lódì. Ó fi ìka méjì ju àyè náà lọ ní ọ̀tún, ó fi ìka méjì jù ú lọ ní òsì. Mo jókòó sílẹ̀, òógùn bò mí, mo tú bébà mi, mo sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìlà ṣọ́ọ̀kì wà níbẹ̀ kedere, ó tọ́ bó ṣe yẹ kó tọ́. Àmọ́ ojú ìlà kọ́ ni mo gé. Ìta ìlà ni mo gé, ìka méjì yíká, bí mo ṣe ń ṣe láti ọjọ́ tí mo ti kọ́ṣẹ́. Télọ̀ kì í gé aṣọ lójú ìlà. O gbọ́dọ̀ fi àlékún sí i, ibi tí abẹ́rẹ́ máa gbà, ibi tí wàá ká sínú, ibi tí wàá tú sílẹ̀ tí oníbàárà bá sanra. Ọwọ́ mi ò bi mí léèrè, ó ti fi àlékún sí pákó. Pákó, ọ̀rẹ́ mi! Bí ẹni pé igi óòkù máa jẹun yó lọ́jọ́ ọdún, kó wá ní kí n bá òun tú ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, ẹkún sì ń tẹ̀lé ẹ̀rín náà bọ̀, torí ọ̀la ni àbúrò mi máa dé.

Mọ́mì gbọ́ ohùn mi, wọ́n jáde. Wọ́n wo pákó, wọ́n wo mí nílẹ̀.

“Ó kéré ni?”

“Ó tóbi ni, Mọ́mì.”

“Ta ló ń sunkún nítorí aṣọ tó tóbi? Èyí tó kéré ni wọ́n ń sunkún sí.”

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ tán, mo dìde. Mo tẹ́ bébà sórí pákó, mo tún wo ìlà ṣọ́ọ̀kì náà, ó sì yé mi bí ìgbà tí a bá ń gé ibi tí apá aṣọ máa wọ̀. Ẹ̀yìn pákó nìkan ló gbọ́dọ̀ wọ àárín ògiri méjèèjì. Iwájú rẹ̀ tó máa yọ sínú pálọ̀, ta ló ní kó kéré? Mo máa bu igun ẹ̀yìn méjèèjì lójú ìlà, màá sì fi àlékún iwájú sílẹ̀ kó na etí sí ọ̀tún àti sí òsì, bí kọ́là. Àlékún tó wà lẹ́yìn gan-an á ti pákó náà bọ́ síwájú, àyè ìgúnpá á wá fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo gbé pákó lé àpótí ìjókòó méjì, mo mú ayùn tuntun tí mo rà. Igi óòkù kì í ṣe àǹkárá. Bí mo bá fa ayùn, pákó á bá mi bọ̀, bí mo bá tì í, á bá mi lọ. Mọ́mì wò mí títí, wọ́n ní kí n yẹra. Wọ́n yí padà, wọ́n rọra jókòó lé òpin pákó náà, wọ́n fi ìbòrí wọn bo imú. “Gé e,” ni wọ́n wí. Pákó ò tún mira mọ́. Mo tẹ̀lé ìlà tó dagun ní apá ọ̀tún láìyẹsẹ̀, lẹ́búlẹ́bú igi ń bọ́ sílẹ̀ bíi gààrí, Mọ́mì sì wà lókè, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìyá wọn fún mi, ọ̀rọ̀ tí mo rò pé wọ́n ti gbàgbé. Nígbà tí igun kejì já bọ́, àwa méjèèjì pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fi sáńpépà ha gbogbo ojú rẹ̀ títí ó fi jọ̀lọ̀, mo yí etí iwájú roboto kó má baà gé wọn lápá, mo kùn ún ní fáníìṣì, a sì fi sílẹ̀ kó gbẹ.

Láàárọ̀ Sátidé, mo tẹ́ gọ́ọ̀mù líle sórí bíríkì, mo ti pákó náà bọ àyè rẹ̀. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Ó bá ògiri ọ̀tún tó dagun mu, ó bá ti òsì mu, o ò lè ki abẹ́rẹ́ sáàárín wọn, abẹ́rẹ́ sì ni mo fi dán an wò. Mo gbé àwo pẹlẹbẹ tí omi wà nínú rẹ̀ lé e láti mọ̀ bóyá ó dọ́gba, omi fì sí òsì, mo ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ ibẹ̀, omi dúró. Mo fi ẹ̀rọ tí mo yá lọ́wọ́ aládùúgbò dá ihò, mo fi ìṣó dè é mọ́ bíríkì pátápátá. Nígbà tí mo padà sẹ́yìn wò ó, tí oòrùn bọ́ sórí rẹ̀, tí àwọ̀ oyin yẹn ń dán, tí etí méjèèjì na jáde sára ògiri, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ti àtijọ́ ò tó bẹ́ẹ̀ rárá. O lè ní mò ń fọ́nnu. Bẹ́ẹ̀ ni, mò ń fọ́nnu.

Mọ́mì kò gbà á gbọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, bí ẹni ń wo iṣu lọ́jà. Wọ́n gbé ìgúnpá kan lé e, wọ́n dúró, wọ́n tẹ́tí. Wọ́n gbé èkejì lé e. Wọ́n wá tú gbogbo ara sílẹ̀, ìwúwo wọn, ọdún wọn, gbogbo rẹ̀, pákó náà kò sì dún kín. Wọ́n ṣí fèrèsé, wọ́n yọ orí síta. Kò tíì pẹ́ tí ohùn obìnrin kan fi wá láti ìsàlẹ̀, “Haa! Mummy! Ẹ ti dé!”

“Mo ti dé o! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta! Ilé ńkọ́? Ọmọ ńkọ́?”

Láti ìgbà yẹn, wọn ò sinmi. Àfi bí ẹni tó ti ìrìnàjò dé, tí gbogbo ìlú wá kí káàbọ̀.

Ariwo yẹn ni àbúrò mi bá lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé nígbà tí òun gbọ́ ohùn Mọ́mì láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà, òun rò pé wọ́n ń bá ẹnì kan jà ni. Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì gbé báàgì tó wà lẹ́nu ọ̀nà. “Mummy, ẹ kú ilé. Ṣé ẹ ti ready?”

Mọ́mì ò yíjú. “Ready fún kí ni? O ò rí i pé mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ni?”

Ó wo mí, ó wo pákó. Ó lọ fi ìka kàn án, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ó tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bóyá ó máa rí àlàfo. “This is proper work o. Ṣé carpenter yẹn padà wá ni?” Mo la ẹnu láti fèsì, ṣùgbọ́n Mọ́mì ti gbọ́. Ìta ni wọ́n kọjú sí, wọ́n sì gbé ohùn sókè kí gbogbo òpópónà lè gbọ́. “Ẹ wá wò ó o! Ọmọ mi obìnrin ló ṣe é! Àbẹ̀kẹ́ mi ni! Òun ló wọ̀n ọ́n, òun ló gé e, òun ló kàn án! Èmi ni mo jókòó lé igi fún un!”

Àwọn kan pàtẹ́wọ́ nísàlẹ̀. Ẹnì kan kígbe, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Aunty!” Àwọn tí kò gbọ́ èdè náà juwọ́, torí kò ṣòro láti mọ̀ pé ìyá kan ló ń fi ọmọ yangàn. Mo dúró láàárín pálọ̀, lẹ́búlẹ́bú igi wà ní irun mi, fáníìṣì wà ní èékánná mi, omijé sì ń bọ́ lójú mi, mi ò sì fi í pamọ́. Mo ti ránṣọ fún ìyàwó àti fún olóyè, mi ò gbọ́ irú ìyìn yẹn rí. Àbúrò mi rọra gbé báàgì padà sí yàrá Mọ́mì. Nígbà tó jáde, ó ní, “Sister mi, swear down, ẹ̀yin lẹ ṣe é?” Ó lọ dúró ti ìyá rẹ̀, ó gbé ìgúnpá tirẹ̀ náà lé e, àyè sì gbà wọ́n. Ibẹ̀ ló wà títí di ìrọ̀lẹ́, tí ó ń kí àwọn èèyàn tí kò mọ̀ rí.

Mo ti ń gbé inú ilé yẹn láti ọjọ́ pípẹ́, kí fèrèsé tó di tuntun, mi ò sì kan ìṣó kankan mọ́ ògiri rẹ̀ rí. Àwòrán àwọn ọmọ mi tó ti dàgbà kúrò nílé, ilẹ̀ ni mo gbé wọn sí, tí wọ́n fara ti ògiri. Mo máa ń sọ pé ilé onílé ni, pé kí n má lọ bà á jẹ́, bí àlejò tó ń jókòó sí etí àga. Pákó yẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí mo dè mọ́ ara ìlú yìí, mo sì dè é le. Orúkọ mi kò sí lórí ìwé ilé náà títí di òní. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́, tí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù ń bọ̀, tí mo gbójú sókè láti ìsàlẹ̀, tí mo rí ìyá mi tí wọ́n fi gbogbo ara lé iṣẹ́ ọwọ́ mi, tí ọkàn wọn balẹ̀, orí mi máa ń wú. Mọ́mì kì í pè mí ní “Ọmọ mi” mọ́, wọn kì í sì í pe orúkọ mi. Wọ́n á na ọwọ́ sí mi níṣojú gbogbo èèyàn, wọ́n á kígbe pé, “Onílé ti dé o!” Èmi náà á sì dáhùn láti ìsàlẹ̀ pé mo ti dé.